Ihò Imú Ọkọ̀ Òfúrufú Kékeré

Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ oníbàárà ni ọkọ mi fi gé agolo mílíìkì. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rí yóò mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyẹn jẹ́. Mo ti ọjà dé, mo sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, mo wo orí tábìlì mi, mo rí agolo tí wọ́n ti gé pẹlẹbẹ, mo sì rí àlùmọ́gàjí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti ya. Mo ní, "Bàbá ọmọ, kí ni àlùmọ́gàjí mi fi ṣẹ̀ yín?" Ó ń fi fáìlì ha etí agolo náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n nígbà náà.

Èmi kì í ṣe ẹni tí í dákẹ́. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí mi, ẹnu mi ló kọ́kọ́ jáde. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò ní sinmi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa nǹkan kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e ka iwájú mi. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré ni. Ìyẹ́ rẹ̀ gùn ju apá mi lọ, igi fúyẹ́fúyẹ́ ni ara rẹ̀, wọ́n fi aṣọ sílíìkì bò ó, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kùn ún. Ẹ̀rọ kan wà níwájú rẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò ọkùnrin méjì lọ, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ onígi tí í yí.

Ó ní, "Ti ọ̀gá òyìnbó ni. Ó ní kí n ṣe ilé epo tuntun sí i, agolo tí epo rẹ̀ á máa wà. Bí mo bá ṣe é tó dáa, á dá mi padà sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀rọ̀ wọ́kíṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ló lè pa mí lẹ́nu mọ́ nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Pọ́tákọ́ọ̀tù ni wọ́n bí èmi àti ọkọ mi sí. Ará Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí mi, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi débẹ̀. Bàbá tirẹ̀ náà jẹ́ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ará Ikwerre ni ìyá rẹ̀, láti Rumuokwurushi, nítorí náà Yorùbá ọkọ mi kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ, ó sì ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le, písìn ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. Kí ogun tó dé, ilé iṣẹ́ elépo kan ló ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn aago ìwọ̀n tó ń sọ bí epo ṣe ń sáré tó nínú páìpù, òun ló ń tú wọn palẹ̀ tó sì ń tò wọ́n padà. Àwọn nǹkan inú aago wọ̀nyẹn kò tóbi ju kóró ata lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń dúró digbí lórí wọn. Ọwọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn kí n tó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ní 1967, nígbà tí ogun ń bọ̀, àwọn òbí mi kó mi lọ sílé. Ọkọ mi ò tẹ̀ lé wa. Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní fi ilẹ̀ àwọn bàbá òun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi náà ò sì lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó lé ní ọdún kan tí a ò gbúròó ara wa. Nígbà tí ọ̀nà ṣí díẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó padà wá bá a. Mo bá a láàyè, mo dúpẹ́. Ó ti rù, ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ̀n bí ti ẹni tí ibà ń ṣe. Mo bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó ní inú igbó lẹ́yìn Elelenwo ni àwọn fara pa mọ́ sí. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí bàálù bá kọjá lókè, á kó sábẹ́ tábìlì.

Ilé iṣẹ́ gbà á padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ni wọ́n fún un. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè tú aago ìwọ̀n. Fún odidi ọdún kan ló fi ń gbá ewé nínú ọgbà tó ti jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ń kí i tàánútàánú. Àánú yẹn ló ń pa á ju ìgbálẹ̀ lọ.

Ogun parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, òyìnbó tó ń mójú tó wọ́kíṣọ́ọ̀bù látijọ́ padà dé láti ìlú rẹ̀. Ó ṣí àpótí tó kó ẹrù rẹ̀ sí kó tó lọ, ó bá ọkọ̀ tó fi máa ń ṣeré lọ́jọ́ Sátidé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé epo inú rẹ̀ ti dógùn-ún, àwọn rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó, wọ́n ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Ó gbé e fún ọkọ mi. Ó ní ní ọjọ́ Ajé òun máa kọ orúkọ àwọn tí yóò wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù, òun yóò sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Èkó. Kó tún ọkọ̀ ṣe, kí àwọn jọ fò ó lórí pápá ní Sátidé. Bó bá fò, orúkọ ọkọ mi á wọ ìwé. Bí kò bá fò, òyìnbó ò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀.

Báyìí ni èmi tí mò ń jà nítorí àlùmọ́gàjí ṣe di ọmọ iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè di agolo àti irin gbígbóná mú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà mo di agolo mú, òun ń fi òjé jó o pọ̀. Ó ká a bí àpótí kékeré tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tín-ín-rín, ó lu ihò mẹ́ta sí i, ó ki páìpù idẹ wẹ́wẹ́ mẹ́ta bọ̀ ọ́. Mo bi í pé kí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà fún. Ó tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "This one, na there e go chop. This one go carry the chop reach engine. This one na for breathe."

Mo ní, "Ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, ihò imú. Ẹ wí bẹ́ẹ̀ kó yé èèyàn."

Ó wò mí. Ó ní, "Ihò imú," bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ yìí kì í lọ jìnnà. Wáyà méjì ni wọ́n so mọ́ ọn. Ẹni tó ń fò ó á dúró láàárín pápá, á di wáyà mú, ọkọ̀ á sì máa yí i po. Bó ṣe ń yí, epo inú rẹ̀ á máa sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde. Nítorí náà, orí páìpù tó ń gbé epo lọ sídìí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ òde yẹn gan-an, ní igun tó tín-ín-rín. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ máa mu, á kú lókè, ọkọ̀ á sì já lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló jó páìpù yẹn mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tún tú u nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, páìpù yẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ki ọwọ́ mi bọ abẹ́ ìró, mo jókòó lé e.

Ìkẹrin ló dúró. A bu omi sínú bàsíà tí mo fi ń wẹ ọmọ. Ó fi ìka dí páìpù méjì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìkẹta, ó sì tẹ agolo náà rì sínú omi, bí àwọn tó ń lẹ táyà ṣe máa ń ṣe. Omi ò hó rárá. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́," mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo gbà bẹ́ẹ̀ dénú.

Rọ́bà fáàfù kẹ̀kẹ́ ló fi rọ́pò àwọn rọ́bà tó gbó, ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú títì wa ní Diobu. Ohun tó wá kù ni ohun tí a ó fi fa epo láti inú agolo epo tí òyìnbó fún wa sínú ọkọ̀. Ti òyìnbó ti gbó mọ́ inú àpótí. Mo ronú, mo wọlé, mo mú rọ́bà ẹ̀nímà ọmọ wa jáde, bọ́ọ̀lù pupa kékeré oníhò ṣóńṣó tí kò sí abiyamọ tí kò ní in. Mo ní, "Mo ti sè é nínú omi gbígbóná. Ọkọ̀ ò ní mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀." Ọkọ mi wo rọ́bà náà, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń dún. Mo wọ yàrá, mo sunkún díẹ̀, mo nujú, mo jáde padà.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ báyìí, ẹ ó rò pé ilé wa ti tòrò. Kò tòrò. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín wa tí mi ò lè gbé mì. Ọmọ wa obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù márùn-ún ni, ó sì lágídí bíi ti ìyá tó bí i. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo máa ń rọ ọ́ ní ògì, bí ìyá mi ti rọ èmi náà. Ẹ mọ bó ṣe ń rí: èèyàn á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì sí i lẹ́nu, á da ògì sí i. Bí ọmọ bá ṣorí kunkun, á fi ìka pa imú rẹ̀ dé díẹ̀ kó lè gbé e mì. Ọmọ á han, á gbé e mì, á tún han. Gbogbo abiyamọ tí mo mọ̀ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti na ẹsẹ̀ báyìí, ọkọ mi á dìde, á jáde nílé, á lọ dúró sétí títì títí n ó fi ṣe tán. Mo gbà pé kò fẹ́ràn ọmọ náà nítorí pé kì í ṣe ọkùnrin. Mo ti sọ ọ́ sí i lójú léraléra, kò sì dá mi lóhùn rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, lọ́sàn-án, ó ní ká dán ilé epo náà wò. A gbé ọkọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, lórí àpótí ìjókòó méjì. Epo inú agolo òyìnbó ò ju ìdajì ìgò lọ, kò sì sí òmíràn ní gbogbo ìlú. Spírítì kan ni wọ́n pò mọ́ òróró lárà, ó ń rùn bí ilé ìwòsàn. Ọkọ mi fi pẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń sá aṣọ pa rọ́bà tó lọ sídìí ẹ̀rọ, kí epo má bàa gba ibẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú kó má yẹ̀, ó wá sọ fún mi pé, "Rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ o. Rọ tí ọkọ mi sọ ni rọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, èyí tí wọ́n fi ń pe àrọ ní àrọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà tún ń ṣiṣẹ́ mìíràn, torí ìyá tó tọ́ ọ kò fi Yorùbá tọ́ ọ. Abiyamọ ló sì sọ ọ́ fún. Ọwọ́ mi gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́ ọ. Mo fi ẹnu bọ́ọ̀lù sí ẹnu ọkọ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́. Epo ń wọlé, afẹ́fẹ́ ń gba rọ́bà kékeré tó jẹ́ ihò imú rẹ̀ jáde, ó ń dún fín-ín fín-ín lábẹ́ ikùn ọkọ̀. Kò pẹ́, epo tú jáde níbẹ̀, ó kán sórí àpótí. Bí ọmọ mi ṣe máa ń tu ògì gan-an nìyẹn. Mo rò pé ó ń ṣòfò ni. Mo fi ìka méjì pa ihò imú náà dé, mo sì tẹ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Rọ́bà fò yọ lẹ́nu páìpù. Epo fọ́n sí mi láyà, ó fọ́n sí ọkọ mi lójú. Ó pariwo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú títa ló ń pariwo sí.

"Gbọ́wọ́ kúrò! Gbọ́wọ́ kúrò nímú ẹ̀! E no dey breathe!"

Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó fà á kúrò lára ọkọ̀ débi pé ọrùn ọwọ́ mi wú di ọjọ́ kejì. Mo sáré bu omi, mo ń bù ú sí i lójú, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, mi ò mọ èyí tí mo bù yàtọ̀ sí èyí tó ń sun.

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Písìn ló fi sọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá níhìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ kan nínú igbó, àwọn bí ogún dùbúlẹ̀ sínú kòtò kan. Bàálù ti kọjá, àwọn ológun sì ń rìn lọ lójú ọ̀nà tí kò jìnnà sí wọn. Wọn ò mọ ti ta ni wọ́n. Ọmọbìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gbogbo kòtò ní kó pa á lẹ́nu mọ́. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń yọ̀. Ọkọ mi gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ti ọmọbìnrin náà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó ní ọwọ́ òun ò gbọ̀n nígbà náà. Ó dúró digbí, bó ṣe máa ń dúró lórí aago ìwọ̀n. Nígbà tí àwọn ológun kọjá tán tí wọ́n gbọ́wọ́ kúrò, ọmọ náà ò sunkún mọ́.

Ó ní, "The mama no curse me. She say thank you." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "From that day, e no gree stop."

Ẹnu mi tó kọ́kọ́ jáde yẹn ló kó bá mi. Mo rántí gbogbo ìgbà tí mo na ẹsẹ̀, tí mo pa imú ọmọ dé, tó dìde tó jáde, tí mo sì ń sọ òkò ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e pé torí kì í ṣe ọkùnrin ni. Ojú tì mí. Ojú ò tì mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo jókòó tì í lórí iyẹ̀pẹ̀, mo ní, "Ẹ forí jì mí." Ó ní, "You no know." A wà níbẹ̀ títí ọmọ fi jí tó ń ké.

Ọjọ́ kejì, ó tún rọ́bà náà fi sí páìpù, mo fi òwú ìránṣọ mi tó yi jù lọ dì í yí ká nígbà mẹ́wàá. Epo tó kù kò lè ṣe ju fífò kan lọ. Ó fi sùúrù ṣàlàyé ohun tí mo bàjẹ́ fún mi. Ó ní agolo yẹn ò ṣófo rí, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ò bá rí ibi jáde, epo ò lè rí ibi wọlé. Ó ní èyí tó ń tú jáde yẹn kì í ṣe ìfiṣòfò, bó ṣe ń sọ fún èèyàn pé òun ti kún nìyẹn. Mo ní mo ti gbọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Èmi ni mi ò gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò na ẹsẹ̀. Mo gbé ọmọ jókòó, mo wá síbí kékeré, mo ń fi bù ú sí i lẹ́nu. Ó tu gbogbo rẹ̀ sí mi láyà. Mo bú u, mo tún bu òmíràn. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jáde, kò sì wọlé.

Sátidé dé. Pápá bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ni a lọ. Ojú ọ̀run ti ṣú lápá Eliozu, òyìnbó sì ń wò ó. Ó wọ ṣòkòtò pénpé, ó ti na wáyà méjèèjì sílẹ̀ lórí koríko. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ́kíṣọ́ọ̀bù mélòó kan dúró sábẹ́ igi, àwọn tí ọkọ mi kọ́ níṣẹ́. Mo pọn ọmọ sẹ́yìn. Òyìnbó kí mi, ó wo bọ́ọ̀lù ẹ̀nímà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó ṣí agolo epo tí a gbé wá, ó gbé e fún ọkọ mi.

Ọkọ mi gbé ẹnu bọ́ọ̀lù sún mọ́ ẹnu ọkọ̀. Kò wọlé. Ó ń kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ń kan ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwọn tó wà lábẹ́ igi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Àánú wọn ti tún dé. Ọkọ mi gbójú sókè, ó ní, "Ìyá ọmọ, wá bá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú." Mo kúnlẹ̀, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì. Ẹnu bọ́ọ̀lù wọlé. Ó rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ihò imú ń dún fín-ín fín-ín, ó wá tutọ́ sórí koríko. Ìka mi fẹ́ lọ síbẹ̀, mi ò purọ́. Mo túbọ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "E don full," ó dá ọwọ́ dúró, ó dí ẹnu, ó yọ pẹ́ẹ̀gì.

Òyìnbó fi wáyà bátìrì kan ẹ̀rọ, ó fi ìka gbá abẹ̀bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ló mú. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ké débi pé ọmọ ta kìjí lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ló gbọ́dọ̀ di ọkọ̀ mú lórí ìkúnlẹ̀ títí òyìnbó á fi dé àárín pápá di wáyà mú, kó wá jọ̀wọ́ rẹ̀ bí òyìnbó bá juwọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí, tí ó wo òkè lẹ́ẹ̀kan, tí orí rẹ̀ wọ inú èjìká. Ṣùgbọ́n kò sá. Ó di ọkọ̀ mú.

Òyìnbó juwọ́. Ọkọ mi ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Òyìnbó tún juwọ́, ó pariwo. Ọkọ mi fún ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ dún, ó sì ń ké lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mu epo tí kò tó. Mo mọ ibi tí ó wà. Kì í ṣe orí pápá ni ó wà.

Mo sún mọ́ etí rẹ̀. Mi ò pariwo. Mo ní, "Bàbá ọmọ, ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Ó ń mí. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ẹ jẹ́ ó lọ."

Ó gbọ́wọ́ kúrò.

Ọkọ̀ náà sá lórí koríko, ó gbéra, ó lọ sókè. Ó yí òyìnbó po, ó tún yí i po, pupa lára ìkùukùu dúdú yẹn, ẹ̀rọ rẹ̀ ò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òyìnbó mú kó takìtì lókè, ó dorí rẹ̀ kodò, ẹ̀rọ ò kú. Ọkọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí mo fi í sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń sunkún lójú gbogbo àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Nígbà tí epo tán, ẹ̀rọ dákẹ́, ọkọ̀ rọra sọ̀kalẹ̀ sórí koríko.

Òyìnbó gbé e wá, ó tú ìdérí àyà rẹ̀, ó fi ìka tọ́ gbogbo ojú òjé wò bóyá ó jò. Ìka rẹ̀ gbẹ. Ó wo ọwọ́ ọkọ mi tó ṣì ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀rọ ò bìkítà bóyá ọwọ́ ń gbọ̀n. Ohun tó mọ̀ ni bóyá páìpù jò tàbí kò jò." Ó ní kó wá sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ajé. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń palẹ̀ wáyà mọ́, gbogbo wa sá wọ abẹ́ igi.

A délé, aṣọ wa tutù, ebi ti ń pa ọmọ. Mo po ògì, mo wá síbí. Mo fẹ́ jókòó, ọkọ mi ní, "Gbé e wá." Láti ìgbà tí mo ti bí i, kò tíì fún un lóúnjẹ rí. Mo gbé ọmọ lé e lórí itan, mo gbé abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi ipá pa ẹnu mi mọ́. Ó bu ògì. Síbí ń gbọ̀n, ògì ń dà sí ọmọ lágbọ̀n, sí i lọ́rùn, sí ṣòkòtò bàbá rẹ̀. Ọmọ wò ó tìyanutìyanu, ó la ẹnu. Ó gbé e mì. Ó tún la ẹnu. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ títí abọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ìgbà yẹn ni ọmọ tu èyí tó kẹ́yìn jáde, ó tu ú sí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ku síbí kan nínú abọ́. Ìyá mi ò ní fi síbí kan sílẹ̀, èmi náà ò fi í sílẹ̀ rí. Mo na ọwọ́ sí i.

Ọkọ mi ní, "Fi í sílẹ̀. Ó ti kún."

Mo gbé abọ́ náà kúrò.